Ṣọ́ọ̀bù franchise nínú òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: bí ẹ ṣe máa to ìwé yín kí ẹ tó san owó

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù franchise, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó ń lo orúkọ ńlá ẹlòmíràn, nínú òtẹ́ẹ̀lì, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù, ọ̀gá méjì ló fẹ́ sìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ló ni orúkọ tó wà lára pátákó (òun ni mo ń pè ní olórúkọ), ẹlòmíràn ló ni ògiri tí wọ́n kan pátákó mọ́. Ìwé àdéhùn méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Lọ́yà méjì tí kò mọ ara wọn ló kọ wọ́n, kò sì sí èyí tó rántí ìkejì. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń sọnù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì kan náà, kí ẹ kà wọ́n pa pọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìkankan.

Ọjà wà níbí lóòótọ́. Ṣágámù ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, àwọn arìnrìn-àjò sì ń sùn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún fọ́fọ́ nígbà Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́ bá dé láti Èkó àti òkè òkun. Ní Ìlíṣàn, àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Babcock ń wá yàrá nígbà tí ọmọ wọn bá ń gboyè. Ẹni tó bá ta kọfí, áísìkiriìmù, oògùn tàbí aṣọ nínú irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìrí oníbàárà. Ìwé ló yẹ ká bẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fún yín

Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù inú òtẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ franchise. Bí ẹ bá gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbàlejò, tí ẹ fi orúkọ ara yín ta aṣọ òkè àti fìlà, ayálégbé ni yín. Bí ẹ bá ń ra ọjà ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ ń tún un tà, alágbàtà ni yín. Ó di franchise nígbà tí olórúkọ bá fún yín ní àmì rẹ̀ àti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ ń tẹ̀ lé e, tí ẹ sì ń san owó ìwọlé àti ìdá kan nínú iye tí ẹ tà. Ìwé lè pe ara rẹ̀ ní ìbáṣepọ̀ òwò, kó sì jẹ́ franchise láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Nàìjíríà kò ní òfin kan tó dá dúró fún franchise. Òfin àdéhùn, òfin àmì òwò, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, òfin NOTAP (àjọ ìjọba tó ń forúkọ àdéhùn orúkọ òwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkèèrè sílẹ̀) àti òfin ilẹ̀ ló pín in láàárín ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà FTC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òwò níbẹ̀, sọ ọ́ di dandan pé kí olórúkọ kó ìwé àlàyé fún ẹni tó fẹ́ gba orúkọ lò, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí onítọ̀hún tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kó tó san owó. Gbèsè, ẹjọ́, iye ẹ̀ka tó ṣí àti iye tó ti pa, gbogbo rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí òfin tó fi irú dandan bẹ́ẹ̀ mú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ béèrè fún un, kí ẹ béèrè lórí ìwé, kí ẹ sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dáhùn. Olórúkọ tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wádìí olórúkọ

Ìwé ẹ̀rí àmì òwò láti Trademarks Registry ní Àbújá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́tà pé ìbéèrè ti wọlé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí o. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lo ọdún 7, bí wọ́n bá sì tún un ṣe, ó di ọdún 14 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọjọ́ tí ó máa parí, kí ẹ fi wé iye ọdún àdéhùn tiyín. Ẹ wo ẹ̀ka ọjà tí wọ́n kọ síbẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀ka 25 ni ti aṣọ, ẹ̀ka 30 ni ti búrẹ́dì, kọfí àti tíì, ẹ̀ka 43 ni ti ilé oúnjẹ. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún aṣọ nìkan, tó wá ń ta ẹ̀tọ́ ilé oúnjẹ fún yín, ohun tí kò ní ló ń tà.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ẹni tó jókòó níwájú yín láṣẹ láti fún ẹlòmíràn ní orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ orúkọ òkèèrè, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú fún gbogbo Nàìjíríà. Eat'N'Go ló gbé Domino's àti Cold Stone wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 2012 lọ́nà bẹ́ẹ̀. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ní àṣẹ láti ṣí ẹ̀ka tirẹ̀, kó má sì ní àṣẹ láti pín in fún yín. Inú àdéhùn àárín òun àti ti òkèèrè ni ìdáhùn wà. Ẹ ní kó fi ojú ewé yẹn hàn yín.

Bí ó bá jẹ́ pé ará òkè òkun ni ẹ ń bá dòwò pọ̀ ní tààrà, àjọ NOTAP wọ ọ̀rọ̀ náà. Òfin rẹ̀ wà láti 1979: ẹ gbọ́dọ̀ fi àdéhùn náà ránṣẹ́ fún ìforúkọsílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé ẹ̀rí wọn, báǹkì kò gbọ́dọ̀ bá yín fi owó orúkọ ránṣẹ́ sókè òkun. Olórúkọ kò ní gbọ́ àwáwí báǹkì, yóò ní ẹ jẹ gbèsè. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni olórúkọ, tí owó kò jáde nílé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí èyí.

Ẹ lọ bá àwọn tó ti ń lo orúkọ náà. Kì í ṣe àwọn tí olórúkọ darí yín sí. Ẹ wá ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti pa, kí ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó fẹ́ jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wádìí òtẹ́ẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lágbègbè wa, bàbá kan ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, àwọn ọmọ ló ń darí rẹ̀ báyìí. Máníjà á fi ọ̀yàyà gbà yín: "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ni mo ń darí ibí." Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé gan-an, bọ̀ọ̀dá. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé?" Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ni òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣe ìwádìí ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ mọ àwọn adarí rẹ̀, kí ẹ sì gba ìpinnu ìgbìmọ̀ wọn lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá ló ni ín ní orúkọ ara rẹ̀, tó sì ti di olóògbé, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti bójú tó ogún rẹ̀ ni ẹ máa béèrè. Ọmọ kan ṣoṣo tó fọwọ́ sí i láìsí ìwé yẹn lè kó yín sáàárín ìjà ẹbí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í tètè parí ní Ìjẹ̀bú, a jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ ni ó kàn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ní apá 22, béèrè àṣẹ gómìnà kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tó fi ilẹ̀ náà háyà fún ẹlòmíràn. Òfin ohun-ìní ti ẹkùn ìwọ̀-oòrùn tó wà láti 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sọ pé háyà tó bá ju ọdún 3 lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí a fi èdìdì dì. Ẹni tó fẹ́ náwó ńlá sórí táìlì, éẹ̀sì àti fíríjì kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí lẹ́tà ojú ewé kan.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe ìdógò lọ́wọ́ báǹkì. Bí báǹkì bá gba ilé nítorí gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ lè bá ara yín níta pẹ̀lú ẹrù yín. Lẹ́tà kan ló ń tú ìdè yìí: kí báǹkì kọ ọ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san owó háyà, ẹ̀ka yín á dúró.

Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń lo orúkọ ẹgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àgbáyé kan, òun náà wà lábẹ́ franchise. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fún ẹgbẹ́ náà láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórí pátákó tó wà lára ilé, irú ọjà tí wọ́n ń tà nínú rẹ̀, àti orúkọ tí kò gbọ́dọ̀ wọlé nítorí pé ó ń bá wọn díje. Ẹ má gba "wọn ò ní bínú" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda ni ẹ fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ìwé méjèèjì pọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà, kí ẹ má kánjú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbègbè. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé franchise, olórúkọ máa ń yọ òtẹ́ẹ̀lì, pápákọ̀ òfurufú, ilé ìwòsàn àti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Èyí já sí nǹkan méjì. Ẹni tó ti ní ẹ̀ka lójú títì, bíi ní Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, lè má ní ẹ̀tọ́ láti wọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà nínú òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀tọ́ yín lè parí ní ẹnu ilẹ̀kùn: wọ́n lè ṣí òmíràn sí òdìkejì títì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ibi tí àgbègbè yín dé, kí wọ́n sì kọ bóyá ẹ lè gbé ọjà lọ fún oníbàárà níta. Lọ́dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, ẹ gba ìlérí pé kò sí ṣọ́ọ̀bù irú tiyín mìíràn tó máa wọ inú ilé náà, kí ìlérí náà sì mú òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, fíríjì inú yàrá, àti àwọn tí wọ́n ń gbà láàyè láti pàtẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà Ojúde Ọba. Àwọn apàtẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yìí ló ń kó èrè tí ẹ ti ń retí láti ọdún tó kọjá.

Iye ọdún. Franchise ọdún 10 pẹ̀lú háyà ọdún 2 jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Òtẹ́ẹ̀lì lè ní kí ẹ jáde, kí olórúkọ sì máa bi yín léèrè ọdún 8 tó kù. Kí ọjọ́ ìparí méjèèjì bá ara wọn mu, tàbí kí ìwé franchise sọ pé bí háyà bá bọ́ láìsí ẹ̀bi yín, àdéhùn náà bọ́, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbòmíràn láìsan owó ìwọlé tuntun. Kí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òtẹ́ẹ̀lì bá ti ilẹ̀kùn fún àtúnṣe: owó háyà dúró, owó orúkọ tó kéré jù lọ náà dúró.

Owó wá kù, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ ta ₦3,000,000 lóṣù kan, VAT (owó-orí ìjọba lórí ọjà títà) ìdá 7.5 nínú 100 ti wà nínú rẹ̀. Olórúkọ ń gba ìdá 6, owó ìpolówó jẹ́ ìdá 2, òtẹ́ẹ̀lì ń gba ìdá 10 nínú iye títà dípò háyà. Ìdá 18 ni lápapọ̀. Bí wọ́n bá ṣírò ó lórí gbogbo ₦3,000,000, ₦540,000 ni. Ṣùgbọ́n ₦209,302 nínú owó yẹn kì í ṣe tiyín, ti ìjọba ni. Bí ẹ bá yọ VAT kúrò, iye títà jẹ́ ₦2,790,698, ìdá 18 rẹ̀ sì jẹ́ ₦502,326. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní ₦37,000 lóṣù, ó sì lé díẹ̀ ní ₦452,000 lọ́dún. Gbólóhùn kékeré kan ló ń dá owó yìí dúró: "iye títà láìka VAT." Kí ó wà nínú ìwé méjèèjì, nítorí bí ó bá wà nínú ọ̀kan, ìkejì á ṣì máa jẹ ẹ́.

Ohun tó tún léwu jù ú lọ ni oníbàárà tó ní kí ẹ kọ ọ́ mọ́ owó yàrá òun. Ó mú ọjà lọ, òtẹ́ẹ̀lì ló máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn, owó yín wà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ títà olórúkọ ti kà á sí títà, ó sì máa gba ìdá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ń sanwó fún yín lẹ́yìn ọjọ́ 60, ẹ̀yin ni ẹ ń yá òtẹ́ẹ̀lì lówó láìgba èlé, tí ẹ sì ń fi owó ara yín san ti olórúkọ. Ẹ tò ó sínú ìwé báyìí: ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì máa sanwó, iye tí oníbàárà kan lè jẹ mọ́ yàrá rẹ̀, ta ló ni gbèsè bí oníbàárà bá sá lọ tàbí tó bá jiyàn, ṣé òtẹ́ẹ̀lì máa yọ owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí òtẹ́ẹ̀lì bá ti fọwọ́ sí rìsíìtì náà, òun ló ni gbèsè. Bí wọn kò bá gbà, ẹ máa fi POS gba owó yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má kọ nǹkan kan mọ́ yàrá ẹnikẹ́ni.

Wákàtí iṣẹ́ àti iná. Ìwé olórúkọ á ní kí fíríjì tutù tọ̀sán-tòru. Òtẹ́ẹ̀lì tí yàrá rẹ̀ kò kún lè pa jẹnẹrétọ̀ láàárín òru kó lè dín owó dísẹ́ẹ̀lì kù. Áísìkiriìmù kò mọ̀ pé yàrá kò kún. Kí àdéhùn òtẹ́ẹ̀lì sọ wákàtí iná tó dájú, tàbí kó fún yín láyè láti gbé báttìrì àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé, kí ẹ sì ní mítà tiyín. Owó àbójútó ilé tí wọ́n ń pín láìsí mítà, ṣọ́ọ̀bù kékeré ló máa ń gbé ẹrù rẹ̀ jù.

Ọjà àti iye rẹ̀. Olórúkọ lè ní kí ẹ má ta ohunkóhun lẹ́yìn tirẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì sì lè fẹ́ kí ẹ máa ta omi inú ike tó ní orúkọ òtẹ́ẹ̀lì lára. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní ti iye, òfin 2018 tí mo dárúkọ lókè kò gbà kí ẹni tó ń kó ọjà fún yín fi ipá lé iye tó kéré jù lọ tí ẹ lè tà á. Ó lè dábàá iye. Bí ẹ bá rí gbólóhùn tó jọ bẹ́ẹ̀, lọ́yà yín ni kí ó yọ ọ́.

Ìparí ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kà. Olórúkọ á ní kí ẹ tú gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òfin sì máa ń ka ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ilé sí ti onílé, àyàfi bí àdéhùn bá sọ òmíràn. Nítorí náà ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ máa kó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: káńtà, fíríjì, pátákó, éẹ̀sì, ẹ̀rọ kọfí. Olórúkọ kan tún máa ń fẹ́ ẹ̀tọ́ láti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín bí ẹ bá kùnà, bẹ́ẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ti kọ ọ́ pé háyà kò ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé ìjọba

Láísẹ́ǹsì òtẹ́ẹ̀lì kò bo yín, ohunkóhun tí máníjà bá sọ. Ẹ forúkọ òwò tàbí ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC; láti ìgbà òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, ẹnìkan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Owó-orí ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ OGIRS, àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi àkóso ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ọtí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ mọ èyí tí òtẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ rẹ̀: Ìpẹru àti Ìlíṣàn wà lábẹ́ Ìkẹ́nnẹ́, Ìṣarà wà lábẹ́ Rẹ́mọ North, ẹ̀yìn odi Ìjẹ̀bú-Òde sì lè ti bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Ẹ má sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn agbowó méjì tó ń du ilé kan. Ọjà inú páálí àti ìgò, oògùn àti ìpara gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Ilé oògùn gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ Pharmacy Council, kó sì ní apòògùn tó ń ṣojú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ kọrin ní ṣọ́ọ̀bù, àjọ MCSN ló ń gba owó fún àwọn olórin. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá èyí tó ń san ká yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń gba nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà pa mọ́, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 mú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọwọ́ àti owó ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn

Ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà èrò lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, èyí tó sọ iye, ìwọ̀n àyè àti iye ọdún, tó sì sọ pé kò tíì de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ fún olórúkọ kó wá wo àyè náà, kó fọwọ́ sí i lórí ìwé pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni kí lọ́yà yín, ẹnìkan ṣoṣo, ka ìwé méjèèjì. Ẹ má gbà kí òtẹ́ẹ̀lì tàbí olórúkọ yá yín ní lọ́yà tiwọn. Ó dára jù kí ẹ fọwọ́ sí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí èyí tó kọ́kọ́ wáyé ní gbólóhùn pé kò ní múlẹ̀ títí ìkejì yóò fi wà, àti pé owó ìwọlé á padà sọ́wọ́ yín láàárín ọjọ́ tí ẹ fohùn sí bí ìkejì kò bá wáyé. "Owó ìwọlé kì í padà" ni ìwé wọn máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i padà kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Ẹ lọ san owó òǹtẹ̀ lórí ìwé méjèèjì. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí

Ẹ fi fáìlì kan sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀dà rẹ̀ kan sílé. Ìwé méjèèjì, lẹ́tà ìyọ̀ǹda, rìsíìtì ìjọba àti rìsíìtì yàrá tí òtẹ́ẹ̀lì ti fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìṣirò ẹ̀rọ títà wé ìṣirò òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú akáwùńtáǹtì wọn, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá fi í jáfara fún oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò ní rántí oníbàárà yàrá 112.

Kí ẹ sì kọ ọjọ́ méjì sára kàlẹ́ńdà láti ọjọ́ ìṣíṣọ́ọ̀bù: ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún òtẹ́ẹ̀lì pé ẹ fẹ́ tún háyà ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún olórúkọ. Wọ́n kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tún franchise ṣe, kí òtẹ́ẹ̀lì tó dá a lóhùn, máníjà á mọ̀ pé kò ríbi lọ mọ́, owó háyà tuntun á sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.